Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọ́n ní ẹ́díìtì ni gbogbo idán mi

Oníbéèrè, Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Idán káàdì àti idán owó ni mo ń pa. Níbi ìsọmọlórúkọ, ariwo ni wọ́n máa ń pa. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e sórí YouTube, “ẹ́díìtì ni” ni wọ́n ń kọ sábẹ́ rẹ̀. Fóònù ni mo fi ń yà á, CapCut, áàpù tí wọ́n fi ń gé fídíò, ni mo fi ń gé e. Mo máa ń fi slow motion (kí àwòrán máa lọ díẹ̀díẹ̀) síbi tí káàdì ti ń yí padà, mo sì máa ń da orin lé gbogbo rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Dúró: Ọmọ mi, ibi tí o ti ń gé e ni wọ́n ti ń fura. Látìgbà tí ọwọ́ rẹ bá ti kan káàdì títí tí idán yóò fi parí, má gé nǹkan kan. Iwájú àti ẹ̀yìn ni kí o gé: ibi tí o ti ń tún ìjókòó ṣe, ibi tí o ti ń wá káàdì kiri. Bí o bá ṣì í láàárín, tún un yà látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ò kúkú jẹ̀bi. Láti 1896 ni Georges Méliès, onídán ará Faransé, ti dá kámẹ́rà dúró, tó mú obìnrin kúrò lórí àga, tó wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí kámẹ́rà, ló bá dà bí ẹni pé obìnrin náà pòórá. Ta ni ò mọ ọgbọ́n yẹn lónìí?

Slow motion yẹn, ìgbà tí o bá ń ṣí káàdì hàn wọ́n ni kí o lò ó. Bí o bá fi síbi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́, àṣírí ara rẹ lò ń tú.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà: Òótọ́ ni Mọ́mì sọ. Lórí kọ̀ǹpútà, bí èèyàn bá dá fídíò YouTube dúró, tó wá ń tẹ fúlísítọ́ọ̀pù, á máa lọ síwájú ní àwòrán kọ̀ọ̀kan. Kọ́mà ló ń dá a padà. Ṣe é fún ara rẹ kí wọ́n tó ṣe é fún ọ. Kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀ ní private, kí aráyé má tíì rí i. Mo rí fídíò ọmọkùnrin kan tí etí káàdì kejì yọ lẹ́yìn àtàǹpàkò rẹ̀. Bí ẹ ò bá dá a dúró, ẹ ò lè rí i. Ẹ́díìtì kankan ò lè tún ìyẹn ṣe, àfi kó sún fóònù sápá kan kó tún un yà.

Àdìó: Zach King, ará Amẹ́ríkà tó ń fi fídíò pa idán, ńkọ́? Ẹ́díìtì ni tirẹ̀, gbogbo ayé sì ń wò ó.

Ìyá Dúró: Kò fi pa mọ́, Àdìó. Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn, kó ṣe ìyẹn. Ọmọ yìí fẹ́ ká gbà pé ọwọ́ òun ni.

Àdìó: Ó dáa. Ṣùgbọ́n orin ò burú o! Egúngún onídán, ṣé láìlùlù ni wọ́n fi ń di òjòlá?

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà: Èrò yí egúngún ká, Àdìó, wọ́n ń fojú ara wọn rí i. Nínú fídíò, ìró ló ń jẹ́rìí: bí káàdì ṣe ń dún lórí tábìlì, bí ẹni tó jókòó tì ọ́ ṣe ń rẹ́rìn-ín. Bí èèyàn bá gé fídíò, ìró náà á fò. Orin ló máa ń bo ìfò yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fura sí i. Ìgbà tí idán bá parí tán ni kí o fi orin sí i, kó sì wá láti Audio Library, ibi tí YouTube kó orin ọ̀fẹ́ sí, kí wọ́n má bàa fi ẹ̀tọ́ olórin mú ọ.

Nǹkan méjì kù. Kámẹ́rà iwájú fóònù mìíràn máa ń yí àwòrán padà, nọ́ńbà ara náírà á sì kọ sódì. Lo ti ẹ̀yìn. Bí iná bá ń ṣẹ́jú nínú fídíò rẹ, 50 Hz (ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni iná ìjọba wa: fi shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí, sí ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá (1/50), tàbí kí o jókòó síwájú fèrèsé ní ọ̀sán.

Oníbéèrè, Ìbàdàn: Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé kí ojú mi hàn, àbí ọwọ́ nìkan?

Ìyá Dúró: Láti orí dé tábìlì, kí ọwọ́ méjèèjì má kúrò nínú àwòrán rárá. Jẹ́ kí ẹnì kan jókòó tì ọ́ kó mú káàdì fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọdé, gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí o tó gbé e síta.