Ọmọ mi ò lè dá ìwé kà bí tíṣà ò bá jókòó tì í. Kí ni kí n ṣe?

Aláṣọ Òkè-Fìà kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mo gbé wá. SS2 ló wà, sáyẹ́ǹsì ló ń ṣe, WAEC ku ọdún kan. Ọmọ náà ò gọ̀. Bí lẹ́sìn tíṣà bá jókòó tì í, ó ń ṣe ìṣirò geere. Kí tíṣà ti gun ọ̀kadà kúrò lẹ́nu géètì báyìí, ó parí. Á ṣí ìwé kalẹ̀, á máa wò ó, á ní, "Mọ́mì, wọn ò tíì kọ́ wa ní èyí." Bí mo bá yẹ nóòtù rẹ̀ wò, wọ́n ti kọ́ wọn. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, bírò pupa fún àkọlé, búlúù fún ìyókù, ó tún fi rúlà fàlà sí i nídìí.

Ní kíláàsì, kì í nawọ́. Nígbà tí mo béèrè níbi ìpàdé PTA, wọ́n ní ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n rò pé ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n fún mi.

Bàbá rẹ̀ ní ká wá lẹ́sìn tíṣà kejì, fún físíìsì àti kẹ́mísírì. Owó rẹ̀, a lè fara dà á. Ohun tí mò ń rò ni pé bó bá dé yunifásítì ńkọ́, ta ni yóò máa jókòó tì í níbẹ̀? Èmi ò ka sáyẹ́ǹsì, aṣọ ni mò ń tà, mi ò lè kọ́ ọ. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ irú ẹ̀ já, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àdúrà, mò ń gbà á ná, kẹ́ ẹ má tún sọ ìyẹn.

Ajílété fèsì:

Fóònù ni. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ padà wá ròyìn fún wa.

Tíṣà Máàsì Ìkìrun fèsì:

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Máàsì ni mò ń kọ́ wọn, ilé-ìwé ìjọba, kíláàsì tó kún dẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má tíì gba fóònù, a máa lò ó tó bá yá. Ẹ má sì gba lẹ́sìn tíṣà kejì. Ẹyọ kan tẹ́ ẹ ní yẹn gan-an, ẹ ní kó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí iṣẹ́ wa díẹ̀. Lẹ́sìn tíṣà ń gbowó, ó sì fẹ́ kí òbí rí i pé òun ń ṣiṣẹ́ fún un. Bí ọmọ bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ara tíṣà ò ní gbà á. Á gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀, á ṣe é parí, á ní, "Ṣó ti yé ẹ?" Ọmọ á ní ó ti yé òun. Kò purọ́, ohun tí tíṣà ṣe ló yé e. Ibi téèyàn ti í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ojú ìwé bá funfun báláú, tí kò sẹ́ni tó máa sọ pé "ó dáa, kọ́kọ́ ṣe báyìí", ìyẹn ni wọn ò tíì fún un láàyè láti wá fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọ pé wọn ò tíì kọ́ òun.

Mo máa ń kọ ìṣirò logarithm (log) kan sójú bọ́ọ̀dù fún àwọn SS2: log 8 lókè, ìlà láàárín, log 2 nísàlẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo kíláàsì ló máa fagi lé log tòkè, tí wọ́n á fagi lé log tìsàlẹ̀, wọ́n á ní 8 pín sí 2, ìdáhùn jẹ́ 4. Bí mo bá pariwo "rárá!" báyìí, gbogbo wọn á pa á rẹ́, wọ́n á ká bírò mọ́wọ́, wọ́n á máa retí kí n kọ èyí tó tọ̀nà kí wọ́n lè dà á kọ. Nítorí náà mi ò ní sọ pé ó tọ̀nà, mi ò ní sọ pé kò tọ̀nà. Màá ní, "Ẹ fi 2 nìkan kọ 8 fún mi." Ẹnìkan á kọ 2³. Màá dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló nira jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi, torí àwọn ọmọ á máa wojú mi bóyá n ó rẹ́rìn-ín tàbí n ó fajú ro. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ọmọ kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún á ní, "Sà, log 8 ni log 2³, ìyẹn 3 log 2 nù-un, ó yẹ kó jẹ́ 3." Àwọn onímẹ́rin á ta kò ó. Wọ́n á jiyàn títí aago fi máa lù. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn kí wọ́n tó gbé e wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò ka sáyẹ́ǹsì, àǹfààní ńlá lẹ ní lórí èmi, torí pé ẹ ò lè gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀! Bó bá dé láti ilé-ìwé, kó wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù, kó ka ìbéèrè kan síta, kó sọ fún yín ní Yorùbá: kí ni wọ́n fún un, kí ni wọ́n ń wá, kí ló máa kọ́kọ́ ṣe, kí ló dé tó fi jẹ́ ìyẹn. Ẹ máa ka yáàdì aṣọ yín lọ. Ibi tó bá ti ń kólòlò, ẹ ní, "Ibẹ̀ yẹn ò yé mi." Ẹ ò ní í purọ́, kò sì ní yé òun náà. Á padà sídìí ìwé lọ wá a.

Nóòtù tó ń fi rúlà fàlà sí nídìí ńkọ́? Kó pa á dé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló rò pé ìwé kíkà ni kéèyàn máa wo nóòtù títí ojú á fi mọ̀ ọ́n. Ní 2006, àwọn onímọ̀ méjì kan ní Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà. Wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà. Wọ́n ní kí àwọn tó kù gbé e sílẹ̀, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó gbé e sílẹ̀ ti fi wọ́n sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú 5 yẹn ló ń tan ọmọ yín. Ó wo nóòtù, ó rí i pé òun mọ̀ ọ́n, ó lọ sùn. Kó ka ojú ewé kan, kó pa á dé, kó gbé ìwé pélébé, kó kọ ohun tó kù lórí ẹ̀. Á kọ́kọ́ bí i nínú, torí kò ní pọ̀.

Fóònù wá dé. WAEC ní ojúlé kan fún Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, e-learning ni wọ́n ń pè é. Ìbéèrè ọdún àtẹ̀yìnwá wà níbẹ̀, ìjábọ̀ Chief Examiner náà wà níbẹ̀. Àwọn olùmákì fúnra wọn ló máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibi báyìí ni àwọn ọmọ ti ṣe dáadáa, ibi báyìí ni wọ́n ti kùnà, báyìí ló ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Àwọn òbí ń ra "expo", wọ́n ń sanwó fún ilé-ìwé tí wọ́n á ti jẹ́ kí ọmọ jíwèé wò, èyí tí WAEC sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnìkan ò ṣí i. Kó mú Section A inú Paper 2 máàsì, ìbéèrè 5 péré ni, máàkì 40 ló gbé dání, kò sì sí èyí téèyàn lè fò níbẹ̀. Kó ṣe é láìsí tíṣà, kó fi ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ mákì ara rẹ̀, kó wá ní ìwé kékeré kan tó máa kọ àṣìṣe rẹ̀ sí. Kó má kọ "mo gbà á tì" síbẹ̀ o. Kó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀: "Mo gbé 7 sódì kejì, mi ò yí àmì rẹ̀ padà."

Ọmọ Ẹdẹ fèsì:

Ẹ ǹlẹ́ sà, ẹ ǹlẹ́ mà. Yunifásítì ni mo wà báyìí, ọmọ oníṣirò bírò pupa bírò búlúù lèmi náà, torí náà ọ̀rọ̀ mi rèé.

Sà, mo gbà pẹ̀lú yín, àmọ́ ìdákẹ́ tẹ́ ẹ ní ẹ máa ń dákẹ́ yẹn, kì í ṣe gbogbo kíláàsì ló ti ń ṣiṣẹ́. Níbi tí mo ti ṣe SS2, ẹni tó bá dáhùn tó sì gbà á tì, kíláàsì á hó "ééééè!", tíṣà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún máa sọ ìdáhùn ẹ di ìnagijẹ fún ẹ. Mo mọ ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní "Osmosis" títí ó fi jáde. Ta ló máa nawọ́ níbẹ̀? Ọmọ màmá yìí lè mọ̀ ọ́n, kó sì jẹ́ pé ọgbọ́n ló ń dá tó fi dákẹ́.

Ohun tó tú mi sílẹ̀ ni àwa mẹ́ta kan tí a máa ń dúró lẹ́yìn ilé-ìwé. A máa ń gba ṣọ́ọ̀kì, ẹnìkan á jẹ́ tíṣà lónìí, ẹlòmíràn lọ́la. Èmi ni mo mú kẹ́mísírì, kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n jù, àwọn tó kù ló sá fún un. Kò sí bó o ṣe lè kọ́ èèyàn ní mole concept, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń ka iye èérún nínú kẹ́mísírì, kó o máà kọ́kọ́ mọ ibi tí ìwọ fúnra ẹ ò ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bá a wá ẹni méjì, mà. Kí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ ọmọ tó mọ̀wé jù ní kíláàsì. Bó bá bá ọ̀gá jókòó, á tún di àdàkọ.

Tíṣà Máàsì Ìkìrun fèsì:

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Tíṣà tó bá ń bá wọn rẹ́rìn-ín ló ba kíláàsì yẹn jẹ́. Lọ́dọ̀ mi, ẹni tó bá hó ló máa jáde wá parí ìṣirò náà. Ó ti dín ariwo kù púpọ̀.

Ìyá Tọ́ún London fèsì:

Ẹ kú àárọ̀ láti ibí o. Ọmọ tèmi ṣe GCSE, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe níbí tí wọ́n bá pé ọdún 16. Ẹ má rò pé tibí yàtọ̀, àwa náà ń sanwó lẹ́sìn, àwa Yorùbá ló tiẹ̀ ń san án jù ní àdúgbò wa. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ọ̀rọ̀ kí ọmọ mákì ara rẹ̀. Àwọn àjọ ìdánwò bí AQA máa ń gbé ìbéèrè àti ìlànà mímákì sí orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti máàsì, ẹ máa rí M àti A lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn: M jẹ́ máàkì fún ọ̀nà téèyàn gbà, A jẹ́ ti ìdáhùn tó péye. Ọjọ́ tọ́mọ mi rí i pé òun lè gba M bí ìdáhùn òun ò tilẹ̀ tọ̀nà, ló jáwọ́ nínú fífi àyè sílẹ̀ lófìfo. Tẹ́lẹ̀, bí kò bá dá a lójú, kò ní kọ nǹkan kan rárá. Ẹ̀rù ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni.

Aláṣọ Òkè-Fìà fèsì:

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ́kọ́ ń rojú, ó ní kí ni òun fẹ́ máa ṣàlàyé "velocity" fún ẹni tó ń wọn àńkárá sí. Mo ní kó ṣáà sọ ọ́. Oníbàárà mi kan tó jókòó dá sí i, ó bi í pé ṣé ọkọ̀ tó ń sáré yí po ojú kan náà, tí ìwọ̀n eré ẹ̀ ò yí padà, ṣé velocity rẹ̀ ò yí padà náà nìyẹn? Ọmọ dákẹ́, ó sáré lọ mú ìwé. Nígbà tó padà wá, ó ní ó ń yí padà, torí velocity kì í ṣe ìwọ̀n eré nìkan, ibi tí ọkọ̀ dojú kọ wà nínú ẹ̀, ìyẹn sì ń yí padà. Inú oníbàárà dùn, kò sì ra nǹkan kan.

Ìbéèrè méjì ló kù. Lẹ́sìn tíṣà wa ńkọ́? Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mi ò fẹ́ kó rò pé mo fẹ́ lé òun. Èkejì: ìwé àṣìṣe yẹn, ṣé ní Gẹ̀ẹ́sì ni kó máa kọ ọ́ ni?

Tíṣà Máàsì Ìkìrun fèsì:

Ẹ kí oníbàárà yẹn fún mi. Ó yẹ kó wá gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ má lé tíṣà, ẹ má sì dín owó rẹ̀ kù, ọ̀rọ̀ owó ló máa ń ba irú ìpinnu yìí jẹ́. Ẹ kàn tún iṣẹ́ ọ̀hún pín. Bó bá dé, kí ọmọ kọ́kọ́ fi wákàtí kan ṣiṣẹ́ nìkan, kí tíṣà jókòó sí pálọ̀, kẹ́ ẹ fún un lómi. Wákàtí kejì, kó wá wo ohun tí ọmọ ṣe, bírò kò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ tíṣà. Ìbéèrè nìkan ni kó máa bi í. Bó bá di ìdajì sáà, kí ó máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún àwọn ohun tó wà nínú ìwé àṣìṣe nìkan.

Ní ti èdè, èyí tó fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni kó fi kọ ọ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ àfi Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 6, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì bàjẹ́ nítorí ẹ̀. Orí ìwé ìdáhùn WAEC nìkan ló ti di dandan kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àfi bó bá ń ṣe Yorùbá. Ṣó ń ṣe Yorùbá?

Aláṣọ Òkè-Fìà fèsì:

Ó ń ṣe é. Ibẹ̀ nìkan ló ti ń nawọ́.