Chlorine kì í ṣe èéfín

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá ní kí á máa pe ohun tí àwọn Jámánì tú sílẹ̀ nítòsí Ypres, ní Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́jọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní "èéfín olóró". Mo fara mọ́ "olóró". "Èéfín" yẹn ni kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi.

Èéfín nìwà, rírú ní í rú. Ta ni kò gbọ́ ọ rí? Iná ló ń bí èéfín, òkè ló sì ń lọ. Ní Ypres, kò sẹ́ni tó dáná. Inú àgbá irin tó lé ní 5,700 ni chlorine, ohun olóró tí wọ́n tú sílẹ̀ náà, wà. Nígbà tí atẹ́gùn kọjú sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun Faransé nírọ̀lẹ́, wọ́n ṣí ẹnu àgbá. Chlorine fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nítorí náà ilẹ̀ ló ń wọ́ bọ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé tó ń pọ́n, ó sì ń ṣàn wọnú yàrà tí àwọn ọmọ ogun gbẹ́ láti sá sí. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ sísàlẹ̀ yàrà ló ń jìyà jù. Ẹni tó nàró sàn díẹ̀. Ṣé èéfín nìyẹn? "Afẹ́fẹ́ olóró" ni mo fọwọ́ sí.

Ẹlòmíràn ní "onímájèlé" ló yẹ dípò "olóró", pé àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ wa. Mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu la fi ń gba májèlé. Oró ń bá ara jà: oró ejò, oró àkeekèé. Bàbá mi àgbà tó jẹ́ ọdẹ, oró ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n fi ń kun ẹnu ọfà, n kò gbọ́ májèlé níbẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Nígbà tí Jámánì sì kó gáàsì mọ́sítáàdì, oró mìíràn tó ń jó awọ ara, dé Ypres kan náà lóṣù keje 1917, gbogbo ara ló ń lé ròrò. Ìbòmú nìkan kò gba èèyàn là. Kí ni májèlé fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ń kọ "olórò" ṣọ́ra. Orò là ń ṣe. Oró ni ti ọfà.

Ó ku yàrà. Wọ́n ní "kòtò" ni kí n kọ, pé ohun tó yí odi ìlú ká nìkan ni yàrà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ogun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbẹ́ ẹ, ogun náà ni ti Ypres. N kò ní kọ kòtò. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àgbà ìlú tiẹ̀, kó mú un wá.