Pádì aláṣọ tí kì í gbẹ nígbà òjò

Tíṣà Orù:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. A fẹ́ kọ́ àwọn ọmọbìnrin JSS 1 sí JSS 3 láwọn abúlé tó wà láàárín Orù àti Awà bí wọ́n á ṣe máa tọ́jú ara wọn tí wọ́n bá ń ṣe nǹkan oṣù. Owó pádì olóṣooṣù, èyí tí wọ́n ń rà tí wọ́n sì ń jù nù, ò sí lápò ọ̀pọ̀ òbí, torí náà pádì aláṣọ la fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n rán. Àmọ́ àwọn tó ti ń lo aṣọ tẹ́lẹ̀ ń ráhùn pé nígbà òjò kì í gbẹ, ó ń rùn, abẹ́ sì ń yún wọn. Aṣọ wo ló dáa? Mélòó lọmọ kan nílò? Báwo ni wọ́n á ṣe sá a tójú ò ní tì wọ́n? Kí la sì máa wí fún ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun ò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?

Aránṣọ Òkè-Ajé:
Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Bí pádì aláṣọ ò bá gbẹ, ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe rán an. Ọ̀pọ̀ máa ń to aṣọ márùn-ún mẹ́fà léra, wọ́n á rán gbogbo ẹ̀ pọ̀. Òkè á gbẹ, inú á ṣì tutù, ibẹ̀ sì ni òórùn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ pín in sí méjì: ìtẹ́lẹ̀ àti aṣọ kíká. Ìtẹ́lẹ̀ gùn ní íǹṣì 10, ó fẹ̀ ní íǹṣì 3 láàárín, ó sì ní apá méjì tó máa wé pátá lábẹ́, tí bọ́tìnnì á so pọ̀. Aṣọ òwú méjì ni, kí aṣọ réènkóòtù fẹ́lẹ́ wà láàárín wọn kí ẹ̀jẹ̀ má baà já sára yunifọ́ọ̀mù. Ẹ rán ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ sí orí àti ìdí ẹ̀. Abẹ́ ọ̀já yẹn ni wọ́n á ti aṣọ kíká bọ̀.

Aṣọ kíká ò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ, íǹṣì 10 sí 12 lóòró àti níbùú, tí a ṣẹ́ etí ẹ̀, tí a wá ká sí mẹ́rin. Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, wọ́n á tú u pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ á gbà á kọjá. Ẹni tó bá rí i lórí okùn á rò pé áńkáṣíìfù ni, ẹ̀tìjú ti tán nìyẹn.

Fúláńẹ́lì tàbí síńgílẹ́ẹ̀tì òwú tó ti gbó ló dáa. Ẹ kán omi sí i: bó bá ń yí gbirigbiri bíi ti orí ewé kókò, ẹ fi sílẹ̀, kò ní mu ẹ̀jẹ̀. Aṣọ tuntun ní sítáàṣì lára, ó sì máa ń súnkì. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kẹ́ ẹ tó gé e.

Ní ti iye: aṣọ kíká mẹ́rin lóòjọ́, ọjọ́ méjì kó tó gbẹ lásìkò òjò, ó di 8. Ìtẹ́lẹ̀ 3 tó. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, 6 aṣọ kíká náà á gbé e.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ:
Aránṣọ ti sọ ọ́ dáadáa. Kí n fi ti fífọ̀ kún un. Omi tútù ni kí wọ́n rẹ aṣọ sí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó. Omi gbígbóná máa ń mú ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ aṣọ bí ẹyin ṣe ń dì nínú ìkòkò. Ọṣẹ lásán ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kí wọ́n ṣan án títí omi á fi mọ́. Ọṣẹ tó kù lára aṣọ wà lára ohun tó ń mú abẹ́ yún wọn, kì í ṣe àrùn ní gbogbo ìgbà.

Kí wọ́n má sá a sábẹ́ ìró tàbí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí òjò ò bá dá, kí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ lójú méjèèjì títí èéfín omi ò fi ní jáde mọ́. Kí wọ́n wá gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá tutù, kò tíì gbẹ.

Wákàtí 4 sí 6 ni kí wọ́n máa pààrọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ò tiẹ̀ pọ̀. Omi lásán ló tó fún ìta abẹ́. Kí wọ́n má ki ọṣẹ, álọ́ọ̀mù tàbí Dettol bọ inú. Inú rírun kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ gba àgbo ọlọ́tí lọ́wọ́ wọn. Ìgò omi gbígbóná tí a fi aṣọ wé, tàbí parasítámọ̀, ló yẹ.

Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, nǹkan oṣù lè wá lẹ́yìn ọjọ́ 21, ó lè di 45, ẹ má bẹ̀rù. Àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá ju ọjọ́ 7 lọ, tí aṣọ ń rin gbindin láàárín wákàtí kan sí méjì, tàbí tọ́mọ pé ọdún 15 láìrí i rárá, ẹ mú un lọ sí hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà.

Ìyá Ìṣarà:
Ẹ má bá ìyá yẹn jà o. Pádì aláṣọ gan-an ló máa fọkàn ẹ̀ balẹ̀, torí kì í kúrò nílé. Kó da omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ sí ṣáláńgá, ó parí. Ní iléèwé, náílọ́nù méjì ni kọ́mọ mú dání, ọ̀kan fún èyí tó mọ́, ọ̀kan fún èyí tó ti lò; tó bá délé, kó fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń lo pádì olóṣooṣù, kó má jù ú sí ilé ìgbẹ́ olómi. Ohun tó wà nínú ẹ̀ máa ń wú, á sì dí páìpù.

Ẹ má sì dúró de ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún tí ayé ń ṣàmì nǹkan oṣù láti 2014. Òjò ti ń rọ̀ nígbà yẹn. Oṣù kìíní ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí rán an.

Tíṣà Orù:
Ẹ ṣeun gan-an ni o. Aránṣọ, táwẹ̀lì ńkọ́? Ó pọ̀ nílé àwọn èèyàn.

Aránṣọ Òkè-Ajé:
Ó ń mu omi dáadáa, àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó gbẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún òru nìkan, ẹyọ méjì péré, kẹ́ ẹ má sì rán an mọ́ nǹkan kan.