TI-84 Plus méjì tí mo rà ní Lágere, orúkọ kan náà, inú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ọmọ Lágere:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó kákúlétọ̀ àtijọ́ jọ, ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, kí ẹlòmíì náà wá sọ tiẹ̀.

Lágere níbí ní Ifẹ̀, màmá kan wà tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ṣájà, wáyà, rìmóòtù, gbogbo ẹ̀ ló dà sórí tapólì, mo sì ń kọjá lọ ni mo rí TI-84 Plus méjì, kákúlétọ̀ Texas Instruments tó ń ya grafu, láàárín àwọn rìmóòtù yẹn. Mo ti ní TI-82 àti TI-83 Plus nílé kí n tó débẹ̀, torí náà mo mọ ohun tí mò ń wò. Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mẹ́rin. Mo ná an, ná an, a fi sí ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún méjèèjì.

Bátìrì ti jò sínú ọ̀kan, ibi tí wáyà ẹ̀ ti ń kan bátìrì ti hu nǹkan funfun bí iyọ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fún sí i, díẹ̀díẹ̀, ó ń ho fọ́ọ́fọ́ọ́ bó ṣe ń kàn án, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ rọra ha á, mo fi spírítì nù ún, mo jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Mo ki bátìrì AAA mẹ́rin bọ̀ ọ́, mo tẹ ON, ó lajú! Inú mi dùn débi pé mo pariwo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Mo gbé géèmù àtijọ́ kan tí wọ́n fi assembly kọ (èdè kọ̀ǹpútà tó ń bá ṣíìpù sọ̀rọ̀ tààrà) sórí méjèèjì. Lórí èyí tí mo fi ọsàn fọ̀, ó mọ́ roro. Lórí ìkejì, tí ara ẹ̀ ń dán, tí ò ní ojú ibi tó ti họ kankan, ṣe ni gbogbo ojú ẹ̀ dàrú, ìlà ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwòrán gé sí wẹ́wẹ́. Mo ní síkíríìnì ti lọ nìyẹn. Ó dùn mí gan-an. Mo ti múra àtigbé e lọ fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe kí n tó ní kí n ya grafu sin x wò ná, ló bá jáde láìsí àbùkù kankan. Hàn-ín, tí síkíríìnì bá bàjẹ́, ṣé grafu ló máa wá dára ni?

Mo bá yí ẹ̀yìn wọn padà. Ẹ wo ìparí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn wọn, ẹ ó rí lẹ́tà kan, nọ́ńbà mẹ́rin, lẹ́tà míì. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tò ó, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni oṣù, méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún, lẹ́tà ìkẹyìn ló ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ti tún inú ẹ̀ tò. Èyí tí mo fi ọsàn fọ̀, 2004 ni, ọdún tí TI-84 Plus kọ́kọ́ jáde. Èkejì tó ń dán, 2008. Wọn ò yí orúkọ ẹ̀, wọn ò yí ojú ẹ̀, inú ẹ̀ ni wọ́n yí! Ṣíìpù tó ń gbé àwòrán sójú síkíríìnì nínú èyí tó dé lẹ́yìn máa ń falẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, géèmù àtijọ́ ò sì mọ̀, ó kàn ń rọ́ iṣẹ́ lé e lórí bí ẹni tó ń ki òkèlè sẹ́nu ọmọ tí ò tíì gbé ti àkọ́kọ́ mì. Ètò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ALCDFIX tó máa ń jẹ́ kí ó ní sùúrù, mo lò ó, ojú ẹ̀ mọ́.

RAM wọn, ibi tó ń fi nǹkan pa mọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, náà yàtọ̀ o, 128 kìlóbáìtì ló wà nínú àwọn ti àkọ́kọ́, 48 nínú àwọn tó dé lẹ́yìn, àmọ́ ibi tí ẹni tó ń ṣe ìṣirò ń lò nínú ẹ̀, nǹkan bíi 24, kò yí padà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fi mọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ní ẹyọ kan ò tíì mọ TI-84 Plus. Ẹ ra méjì, kẹ́ ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ará Ìṣọ̀kùn:
Àbúrò, o ṣeun tó o sọ èyí. Iléṣà lèmi wà. Awọnlẹ̀ ni bàbá mi, sọ̀fẹ́yọ̀ là ń pè wọ́n nígbà yẹn, HP 48SX, kákúlétọ̀ ilé iṣẹ́ HP, ni wọ́n máa ń gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ilẹ̀, ti 1990, wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Bọ́tìnì ENTER ẹ̀ fẹ̀ tó méjì, nọ́ńbà méjèèjì lo máa kọ́kọ́ tẹ̀ kó o tó tẹ àmì àròpọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán ni mo rí 48GX rà, ti 1993 nìyẹn. Tó o bá tò wọ́n síbì kan wàá ní ọmọ ìyá ni wọ́n, ihò méjì méjì tí wọ́n ń ki káàdì àfikún bọ̀ ló wà lẹ́yìn wọn (tí ò bá sí X lára orúkọ ẹ̀, kò sí ihò), àmọ́ RAM bàbá mi 32 kìlóbáìtì ni, ti GX 128, ó sì yára ju ti bàbá mi lọ nílọ̀ọ́po méjì. Mo máa ń tẹ grafu kan náà sórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ti GX á ti parí, ti bàbá mi á ṣì máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ Lágere:
Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ojú GX yẹn nínú oòrùn. Ṣé ohun tó ń kọ síbẹ̀ fara jọ búlúù ni, àbí ó dúdú? Àwọn GX tó dé lẹ́yìn, dúdú ni tiwọn, ó sì hàn ketekete ju ti ìṣáájú lọ.

Ará Ìṣọ̀kùn:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé méjèèjì síta tán. Dúdú ni ti GX. Ti bàbá mi ló rí bíi búlúù, látọjọ́ yìí ni mo sì ti ń rò pé ọjọ́ ogbó ló mú ojú ẹ̀ ṣú bẹ́ẹ̀.