Ọmọ 24 ló wà nínú ẹgbẹ́ àríyànjiyàn, àwọn mẹ́fà kan náà ló ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Kí ni ká ṣe?

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni wọ́n ní kí n máa bójú tó ẹgbẹ́ àríyànjiyàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ 24 ló forúkọ sílẹ̀ láti oríṣiríṣi kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la ń pàdé, fún wákàtí kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde ní kíláàsì. Ètò World Schools la ń lò, ìyẹn ìlànà ìdíje àríyànjiyàn fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ọmọ mẹ́ta kojú ọmọ mẹ́ta. Àmọ́ àwọn mẹ́fà kan náà ló máa ń dìde, àwọn yòókù sì ti ń yọ́ lọ níkọ̀ọ̀kan. Báwo lẹ ṣe ń pín wákàtí kan yẹn? Báwo lẹ ṣe ń mú ọmọ tó ń tijú sọ̀rọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo lè ṣe ní ìpàdé tó ń bọ̀ gan-an ni mò ń wá.

Olùkọ́ Àríyànjiyàn:
Ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ètò World Schools, ẹni mẹ́fà ló ń sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú 8 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 48 nìyẹn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àsọkágbá ikọ̀ méjèèjì kún un, ìṣẹ́jú 4 fún ikọ̀ kan, ó di 56. Wákàtí yín ti tán, ọmọ 18 ò sì tíì la ẹnu. Ẹ má bínú sí àwọn tó ń yọ́ lọ, ètò yẹn ò ṣí àyè kankan sílẹ̀ fún wọn.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́rin, ọmọ mẹ́fà nínú ìsọ̀rí kan, kí gbogbo ìsọ̀rí sì jiyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá rí yàrá méjì, ó dáa jù, nítorí ariwo. Ẹ dín ọ̀rọ̀ kù sí ìṣẹ́jú 3 péré. Ìṣẹ́jú 5 fún pípe orúkọ àti kíkéde kókó (ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa jiyàn lé lórí), 10 fún ìmúrasílẹ̀, 22 fún àríyànjiyàn (18 ni ọ̀rọ̀ gan-an, ìyókù wà fún dídìde àti jíjókòó), 8 fún àtúnṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tún apá kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ má fi àtúnsọ yìí ṣeré rárá. Ọmọ tó gbọ́ àtúnṣe tí kò tún un sọ lójú ẹsẹ̀, àṣìṣe kan náà ló máa gbé wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ sì tún ṣe fún ọmọ kan nínú ìpàdé kan. Bẹ́ ẹ bá ka márùn-ún sí i létí, kò ní rántí ọ̀kankan.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni kẹ́ ẹ máa ṣe odindi àríyànjiyàn oníṣẹ́jú 8 níwájú gbogbo ẹgbẹ́.

Adájọ́ Ìdíje:
Lọ́jọ́ odindi àríyànjiyàn yẹn, kí ẹnikẹ́ni má jókòó lásán. Ẹ fún gbogbo àwọn tó ń gbọ́ ní bébà A4 kan, kí wọ́n gbé e dùbúlẹ̀, kí wọ́n fa ìlà tó máa pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, ọ̀nà kan fún olùsọ̀rọ̀ kan. Bíírò aláwọ̀ méjì: ọ̀kan fún ikọ̀ tó gbè kókó lẹ́yìn, ọ̀kan fún alátakò. Ọ̀rọ̀ méjì sí mẹ́ta ni kí wọ́n kọ fún àwíjàre kan, kì í ṣe odindi gbólóhùn, torí ọwọ́ ò lè bá ẹnu dọ́gba. Bí ẹnì kan bá fèsì sí àwíjàre kan, kí wọ́n fa ọfà láti ibì kan dé ìkejì. Tí àríyànjiyàn bá parí, àwíjàre tí kò ní ọfà ni wọn ò dáhùn. Ọmọ tó bá mọ èyí ṣe dáadáa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó olùsọ̀rọ̀ kẹta, torí iṣẹ́ olùsọ̀rọ̀ kẹta nìyẹn gan-an.

Ìbéèrè àárín ọ̀rọ̀, ìyẹn èyí tí ọmọ ikọ̀ kejì ń bi olùsọ̀rọ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ni ọ̀nà tó rọrùn jù fún ọmọ onítìjú. Láàárín ìparí ìṣẹ́jú kìíní sí ìparí ìkeje ni wọ́n lè béèrè é, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ. Kí ẹni tó ń wo aago lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 1 àti 7, lẹ́ẹ̀mejì ní 8. Olùsọ̀rọ̀ ló ń pinnu bóyá òun máa gbà á. Ẹyọ kan tàbí méjì tó. Ẹni tí kò gba ọ̀kan rí, ó jọ pé ẹ̀rù ń bà á. Ẹni tó gba mẹ́rin, àkókò rẹ̀ ló fi tọrẹ.

Àwọn ọmọ tún máa ń ṣi ọ̀rọ̀ àsọkágbá mú. Olùsọ̀rọ̀ kìíní tàbí ìkejì ló ń sọ ọ́, kì í ṣe ìkẹta. Olùsọ̀rọ̀ kẹta alátakò ló ń kẹ́yìn àwọn mẹ́fà, alátakò ló sì tún ń kọ́kọ́ sọ àsọkágbá tiẹ̀, nítorí náà, olùsọ̀rọ̀ kẹta wọn àti àsọkágbá wọn máa ń tẹ̀ léra, ìṣẹ́jú 12 gbáko láti ẹnu ikọ̀ kan. Kí ikọ̀ kejì ti múra dè é. Ní ti máàkì, ohun tí a sọ gba 40, bí a ṣe sọ ọ́ gba 40, ọgbọ́n ìtòlẹ́sẹẹsẹ gba 20. Láàárín 60 sí 80 ni wọ́n ń fún ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má tíì fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní máàkì kankan.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an ni. Kókó ń kọ́? "Ìmọ̀ dára ju owó lọ" la lò kẹ́yìn, òwe ni wọ́n ń pa fún ara wọn títí ó fi parí.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́:
Ohun tí kókó yẹn bi wọ́n ni wọ́n fún un. Kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe ohunkóhun nínú rẹ̀. Ẹ wá kókó tó ní ìgbésẹ̀ nínú, irú bíi "Kí a fagi lé iṣẹ́ àṣetiléwá." Kẹ́ ẹ tó lò ó, kí ẹni méjì kọ ìdí mẹ́ta-mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5, ọ̀kan ní ìhà kìíní, ọ̀kan ní ìhà kejì. Bí ìhà kan kò bá rí mẹ́ta, ẹ jù ú nù.

Ẹ kọ́ wọn láti máa béèrè "báwo?" lọ́wọ́ ara wọn. "Iṣẹ́ àṣetiléwá ń rẹ ọmọ." Báwo? "Ọmọ tó délé nírọ̀lẹ́ tó tún jókòó tì í fún wákàtí méjì, oorun rẹ̀ ló máa dín kù." Kí ló wá kan ẹ̀kọ́? "Bí oorun ò bá tó, ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ lọ́la kò ní dúró lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ náà ni iṣẹ́ yẹn wà fún." Ó ti di àwíjàre. Alátakò tó já fáfá á wá sọ pé iṣẹ́ tó pọ̀ jù nìyẹn ń ṣàlàyé, pé kí a dín in kù ni, kí a má fagi lé e. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Owó ẹyọ ni kẹ́ ẹ máa sọ sókè láti pín ìhà. Ẹ má sì mú kókó tó kan ẹ̀sìn tàbí àìsàn títí wọ́n á fi mọwọ́ ara wọn.

Onítìjú, kó má mú odindi ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀ dání. Tó bá ṣi ìlà kan kà, ó ti sọnù nìyẹn. Káàdì kékeré, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Kó kọ́kọ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú lórí ìjókòó, kó tó dìde níwájú ẹni mẹ́ta.

Akọ̀wé Àtijọ́:
Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn olóyè náà. Bí alága, akọ̀wé àti akápò bá jẹ́ ọmọ kíláàsì àṣekágbá, ọjọ́ tí wọ́n bá jáde ni ẹgbẹ́ máa kú. Ẹ mú igbákejì wọn láti kíláàsì ìsàlẹ̀, kí wọ́n gba iṣẹ́ ní sáà kan ṣáájú ìdánwò àṣejáde. Bẹ́ ẹ bá ń lọ fún ìdíje, ẹ mú ọmọ márùn-ún nínú ikọ̀. Ètò World Schools gbà á, mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìfigagbága kan, ẹ sì lè pààrọ̀ wọn nínú èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹ ní ìwé kan tẹ́ ẹ ń kọ ọjọ́, kókó, orúkọ àti ipò tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti sọ̀rọ̀ sí. Ọmọ tó bá wà ní ipò kìíní nígbà mẹ́ta léra, ẹ gbé e lọ sí ipò kẹta nígbà tó kàn.