Valmiki ni wọ́n ń pè ní akéwì àkọ́kọ́: Rigveda ńkọ́?

Òǹkàwé_Ewì béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Adikavi, akéwì àkọ́kọ́, ni wọ́n ń pe Valmiki tó kọ Ramayana, ìtàn akọni Rama ní èdè Sanskrit. Bẹ́ẹ̀ Rigveda, ìwé orin mímọ́ àwọn Híńdù, ti wà tipẹ́ ṣáájú, ewì sì ni látòkèdélẹ̀. Báwo ló ṣe jẹ́? Ìkejì, ẹsẹ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: «mā niṣāda pratiṣṭhāṃ tvam agamaḥ śāśvatīḥ samāḥ». Òfin śloka, ìwọ̀n ewì tí ẹsẹ náà tẹ̀ lé, ní kí sílébù kẹfà wúwo, ṣùgbọ́n «ti» tó wà níbẹ̀ kúrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ọmọ_Sarasvati:
Lójú àwọn Híńdù, śruti, ohun tí a gbọ́, ni Veda, àwọn ìwé mímọ́ tí Rigveda jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Orin 1,028 ló wà nínú Rigveda, kavi ló sì ń pe àwọn aríran rẹ̀, àmọ́ ìgbàgbọ́ ni pé wọ́n rí i ni, wọn kò ṣẹ̀dá rẹ̀. Kāvya, ewì tí ènìyàn ṣẹ̀dá, yàtọ̀. Ọgbọ́n àti ẹ̀dùn ọkàn ènìyàn ló ń bí i, òun ni wọ́n ní Valmiki dá sílẹ̀.

Bālakāṇḍa, apá àkọ́kọ́ Ramayana, orí 2, ni ìtàn náà wà. Valmiki lọ wẹ̀ ní odò Tamasa, òun àti Bharadvaja ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹyẹ krauñca méjì, takọ tabo, ń bára wọn ṣeré. Ọdẹ kan pa akọ, abo figbe ta. Valmiki fi ọdẹ náà ré pé kò ní rí ìsinmi títí ayé. Àfi bí èpè náà ṣe jáde pẹ̀lú ìwọ̀n ewì! Brahma, òrìṣà ìṣẹ̀dá, wá yọ sí i, ó ní ìwọ̀n yẹn ni kó fi sọ ìtàn Rama. Śoka, ìbànújẹ́, ló di śloka. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni Anandavardhana, onímọ̀ ewì ará Kashmir, dúró lé ní ọ̀rúndún 9 nígbà tó ń ṣàlàyé ohun tó jẹ́ ẹ̀mí ewì.

Laghu_Guru:
Ẹ má wo fáwẹ́ẹ̀lì nìkan. Sílébù wúwo bí fáwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá gùn (e, o, ai àti au gùn nígbà gbogbo), bí ṃ tàbí ḥ bá tẹ̀ lé e, tàbí bí kọ́ńsónáǹtì méjì bá tẹ̀ lé e. Àlàfo àárín ọ̀rọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, ìró kan ṣoṣo sì ni th, ṭh tàbí bh.

Ẹ wá pín in: mā-ni-ṣā-da-pra-ti-ṣṭhāṃ-tvam. ṣ àti ṭh ló tẹ̀ lé «ti», ó ti wúwo nìyẹn. «da» náà wúwo nítorí p àti r tó wà níwájú. «pra» fúyẹ́, torí ohun tó tẹ̀ lé fáwẹ́ẹ̀lì là ń kà, a kì í ka ohun tó ṣáájú rẹ̀.

Ìdá 4 oní sílébù 8 ni śloka, 32 lápapọ̀. Nínú ìdá kọ̀ọ̀kan, sílébù karùn-ún fúyẹ́, ìkẹfà wúwo. Sílébù keje wúwo ní ìdá 1 àti 3, ó fúyẹ́ ní 2 àti 4. Ìdá kejì rèé: a-ga-maḥ-śā-śva-tīḥ-sa-māḥ. «śva» fúyẹ́, «tīḥ» wúwo, «sa» fúyẹ́. Ó pé pérépéré. Ìdá 1 àti 3 tún ní àwọn ẹ̀yà mìíràn tí òfin gbà, vipulā, nítorí náà ẹ má yára sọ pé akéwì ṣì í.

Ọmọ_Sarasvati:
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹ̀yìn ni wọ́n fi Bālakāṇḍa kún Ramayana. Anuṣṭubh, ìwọ̀n oní 8 lọ́nà 4, sì ti wà nínú Rigveda, àmọ́ níbẹ̀, sílébù keje sábà máa ń fúyẹ́ ní gbogbo ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wíwúwo rẹ̀ ní ìdá 1 àti 3 bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ nígbà tí àkókò Veda ń lọ sópin, ó sì fìdí múlẹ̀ nínú Ramayana àti Mahabharata, ìtàn akọni ńlá kejì. Ẹ wo «ṣṭhāṃ» nínú ẹsẹ yẹn: ibẹ̀ gan-an ni śloka ti yà kúrò lára anuṣṭubh àtijọ́.