"Hang in there": àṣẹ ni àbí kíkí?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹnì kan nínú wa tó ń kọ ìtumọ̀ Yorùbá sí ìsàlẹ̀ fíìmù kékeré kan béèrè pé kí ni òun ó kọ síbi tí ọmọbìnrin kan ti ń sọ fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé, "Hang in there, Dad." Ìyá ọmọbìnrin náà ló wà ní ọsibítù, bàbá náà kò sì tíì fojú ba oorun láti ọjọ́ mẹ́ta. Ìdáhùn mẹ́ta ló ti wọlé: "so rọ̀ síbẹ̀", tí ẹni tó mú un wá ní ká kúkú yá àwòrán inú Gẹ̀ẹ́sì náà lò; "máa bá a nìṣó"; àti "forítì í". Mo fẹ́ dá sí i, torí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí rí.

Kí n kọ́kọ́ gbé "so rọ̀" kúrò nílẹ̀. Òótọ́ ni pé nǹkan ló so rọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Ní 1971, Victor Baldwin, ayàwòrán fọ́tò ní Los Angeles, gbé ìwé àlẹ̀mógiri kan jáde: ọmọ ológbò tó fi ẹsẹ̀ iwájú rọ̀ mọ́ ọ̀pá oparun, tí ìyókù ara rẹ̀ ń fì, tí wọ́n wá kọ gbólóhùn yìí mọ́ ọn. Ọmọ Amẹ́ríkà tó bá gbọ́ gbólóhùn náà, ọwọ́ tó di nǹkan mú ló ń rí. Kí wá ni Yorùbá ń rí tó bá gbọ́ "so"? Okùn ni. Títí dòní, oníṣàngó kì í gbà kí ẹnikẹ́ni wí pé ọba Ṣàngó so. "Ọba kò so" ni wọ́n ń wí, àwọn tó wà ní Kúbà náà kò gbàgbé rẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn la ó wá fi ránṣẹ́ sí bàbá tí ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, rárá.

Bó bá jẹ́ ọwọ́ tó di nǹkan mú yẹn la fẹ́, a ní in nílé: "Má jáwọ́." Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, tí ọ̀gá ń fojú rẹ̀ rí màbo, "má jáwọ́ o" bá a mu. Ẹni tó fẹ́ ṣe JAMB lẹ́ẹ̀kẹta náà ńkọ́? Ó bá a mu. Àmọ́ àìsàn kì í ṣe iṣẹ́ téèyàn dáwọ́ lé. Ta ni kò ní wù kó jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí? Ìdí kan náà ni "máa bá a nìṣó" kò fi ṣe é sọ fún bàbá náà. Á dà bí ìgbà tí à ń ní kó máa jìyà lọ. (Ti "hang on" yàtọ̀ o, "dúró ná" nìyẹn sábà máa ń jẹ́.)

"Forítì í" ló sún mọ́ ọn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Mátíù 24:13 sì ti jẹ́ kó mọ́ wa lẹ́nu. Ẹ wo bí èdè wa ṣe pín ìfaradà káàkiri ara: orí là ń fi tì í, ojú là ń rọ́, ara là ń fi dà á, ọkàn là ń mú le. Ẹnu tó ń sọ ọ́ ló ń kọ mí lóminú. Bàbá ló ń wí fọ́mọ pé, "Forítì í, á dáa." Bí ọmọ bá ní "ẹ forítì í" fún bàbá rẹ̀, kì í ṣe èébú, àwọn kan ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n létí tèmi, ọmọ ti ń gba àgbà níyànjú.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n màmá mi ní ọsibítù kan ní Houston. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí orúnkún wọn ni, wọn ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ òru ń lọ sílé, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ wọn lórí irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Hang in there, Mama." Màmá yíjú sí mi: "Kí ló wí?" N kò rò ó rárá. Mo ní, "Ó ní ẹ kú ìrọ́jú, mà." Màmá wá mi orí, wọ́n di ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà mú, wọ́n ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi. Olúwa ò ní jẹ́ kó sú wa." Èmi ni mo wá ń wá Gẹ̀ẹ́sì tí mo máa fi túmọ̀ ìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ìrísí àṣẹ ni gbólóhùn yìí ní, iṣẹ́ kíkí ló ń ṣe. Nọ́ọ̀sì yẹn kò rán màmá níṣẹ́ kankan. Ó rí ohun tí ojú wọn ń rí, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun rí i. Iṣẹ́ "ẹ kú" gan-an nìyẹn, bí a ṣe ń kí onínàáwó, tí à ń kí ẹni tó bọ́ nínú ewu. Kíkí sì ní ìdáhùn. "Forítì í" kò ní ju "ó dáa" lọ.

"Ẹ kú àmúmọ́ra" ńkọ́? Létí tèmi, ó ti ń fì sọ́dọ̀ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ìyá inú fíìmù yìí kò sì tíì kú.

Nítorí náà, ohun tí mo dìbò fún ni "Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá mi." Kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ lójú fíìmù. Kí ni bàbá náà dá a lóhùn? Bó bá jẹ́ "I'm trying", "À ń gbìyànjú, ọmọ mi" á tẹ̀ lé e dáadáa. Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, báwo lẹ ṣe ń kí ẹni tí aláìsàn ń bẹ nílé rẹ̀ lọ́dọ̀ yín?